Rédíò Tọkọtaya kan ní Oxford

Oxford tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ló wà, ìlú kékeré tí Yunifásítì Miami wà. Ní 1981, Doug Balogh àti Linda aya rẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ rédíò WOXY níbẹ̀. Ní 1983 wọ́n sọ ọ́ di ti orin rọ́ọ̀kì ìgbàlódé, orin àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ rédíò ńlá kò kà sí. Owó ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń gbé e ró.

Rédíò náà kò lágbára, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa wá a kiri. Nínú fíìmù Rain Man ní 1988, gbólóhùn tí rédíò yìí fi ń pe ara rẹ̀ ni Dustin Hoffman ń tún sọ ṣáá nínú ọkọ̀.

Ní 2004, tọkọtaya náà tà á ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹni tó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ kan, ta ni yóò bá a wí? Àwọn òṣìṣẹ́ gbé orin wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará òkèèrè sì ń gbọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: oníṣọ́ọ̀bù Oxford, kí ni yóò fi ìpolówó ṣe létí ẹni tó wà ní Japan? Owó tán ní 2006. Ilé-iṣẹ́ Lala gbà wọ́n. Wọ́n kó lọ sí Austin ní Texas ní 2009. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹta, 2010, owó tún tán, rédíò náà sì dákẹ́.