Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Wọ Ọkọ̀ Oko: Búréèkì Rẹ̀ Ńkọ́?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦480. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kòkó láti Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akánrán wọ Ìbàdàn ti ń wá ọgbọ́n dá. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n náà ni pé kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú ọkọ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀.

N kò bá wọn wí. Ìran wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún ọkọ̀ ṣe kó lè bá ọ̀nà wa mu. Nígbà ayé bọ́lẹ̀kájà, ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì Bedford ló ti ìlú Òyìnbó wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ló fi pákó kan ara rẹ̀. Ní Ìbàdàn kan náà ni iléeṣẹ́ Leyland ti to ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ Mercedes 911, ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì tó ti ru igi àti iṣu títí ó fi di arúgbó sẹ́nu iṣẹ́.

Dísẹ́ẹ̀lì sì yẹ fún iṣẹ́ oko. Kì í lo púlọ́ọ̀gì láti dáná. Ṣe ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 16 sí 22 títí yóò fi gbóná gidigidi, tí epo tí a bá fín sí i yóò sì gbaná fúnra rẹ̀. Ó lágbára láti fa ẹrù nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ nínú ẹrẹ̀, epo tó sì ń jẹ lórí ẹrù kan náà kéré sí ti bẹntiróòlù.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù, fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ lórí búréèkì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í pèsè irú fífà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ de póòǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Bí a kò bá dè é, awakọ̀ yóò fi gbogbo agbára tẹ búréèkì, ọkọ̀ kò sì ní tètè dúró. Ẹ́ńjìnnì náà tún wúwo jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni sípíríǹgì iwájú kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ti náwó lórí ẹ́ńjìnnì àti gíà yóò ní kí mẹkáníìkì jẹ́ kí òun máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná. Ìyà rẹ̀ kò ní mọ sórí ẹni náà nìkan: ìyá tó jókòó lórí àpò gbágùúdá wà níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá títì náà sì wà níbẹ̀.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a kò pààrọ̀ ìwé, ọkọ̀ náà ti di ohun ìfọwọ́jẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá dá a dúró lójú ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò yẹ kó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ti darí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988. Kí àwọn òṣìṣẹ́ VIO máa lọ sí àwọn ìlú oko wọ̀nyí lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n dán búréèkì wò, kí wọ́n sì fi owó táṣẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà tuntun sílẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni sínú ìbẹ̀rù. Kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì náà fẹnu kò pé àwọn kò ní fa kọ́kọ́rọ́ lé olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ bí póòǹpù búréèkì kò bá tíì sí níbẹ̀.

Owó póòǹpù yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ẹ kà á mọ́ owó ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀.