Ọmọ Abẹ́ Ọ̀pẹ Kì í Ṣe Ọ̀pẹ Tuntun

Nígbàkígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ta ọmọ ọ̀pẹ a gbé ọjà wọn sí etí títì. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kò gùn, ṣùgbọ́n owó yín àti ilẹ̀ yín wà nínú rẹ̀.

Àríyànjiyàn kan kì í tán láàrin wa. Àwọn àgbà ní ọ̀pẹ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ ló dára. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀pẹ tuntun ni kí a gbìn. Lójú tiwa, méjèèjì ló wúlò. Èyí tó ń pa àgbẹ̀ lára ni ọ̀pẹ tí kì í ṣe ti àtijọ́, tí kì í sì í ṣe tuntun: èyí tí wọ́n wú lábẹ́ ọ̀pẹ tuntun, tí wọ́n wá ń tà bí ojúlówó.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ọ̀pẹ àtijọ́, èèpo ekùrọ́ rẹ̀ nípọn, ara ẹyìn tó ń di epo kò sì pọ̀. Òmíràn wà tí ekùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle rárá, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ sábà máa ń jẹrà kó tó pọ́n. Bí wọ́n bá mú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti èkejì yìí fún òdòdó ti àkọ́kọ́, ọmọ tó ń jáde ni wọ́n ń pè ní tenera: èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, epo rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ yìí ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè níbí ń ṣe. Ọdún 1922 ni wọ́n dá a sílẹ̀, abẹ́ INRAB ló sì wà lónìí. Ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà ní NIFOR tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Bí ẹ bá wá ṣa ẹyìn tó bọ́ sílẹ̀ nínú oko tenera, tí ẹ sì gbìn ín, nínú ọmọ 100, nǹkan bí 50 péré ló máa jẹ́ tenera. Bí 25 á padà sí eléèpo nípọn. Bí 25 tó kù á jẹ́ aláìléèpo, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní so nǹkan gidi. Hẹ́kítà kan ń gba ọ̀pẹ 143. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí 35 nínú wọn lè máa jẹ ilẹ̀ lásán. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni ẹ óò tó mọ̀, lẹ́yìn tí ẹ ti ro oko títí. Ẹni tó yá ilẹ̀ gbìn ín, kí ló fẹ́ wí fún onílẹ̀?

A mọ̀ pé ojúlówó wọ́n ju ti etí títì lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọ̀pẹ tòótọ́ sàn ju ọgọ́ta ọ̀pẹ iyèméjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa dáwó jọ, kí wọ́n rà á pọ̀. Ẹ béèrè ìwé tó fi ibi tí kóró náà ti wá hàn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ ka ìwé náà fún àwọn òbí yín kí wọ́n tó sanwó.

Ọ̀pẹ tuntun kò sì ní ká sọ ọgbọ́n àwọn bàbá wa nù. Kí imọ̀ ọ̀pẹ tó pàdé ara wọn, oòrùn ṣì ń kan ilẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sáàárín wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe, torí ebi kì í dúró de ọ̀pẹ. Ẹ má sì bẹ́ gbogbo ọ̀pẹ àtijọ́ lulẹ̀ nítorí sódàbì. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ṣì fẹ́ràn epo rẹ̀ nínú ọbẹ̀, èèpo ekùrọ́ rẹ̀ sì ń dáná fún wọn. Ẹ dá díẹ̀ sí ní àyíká ilé.

Ohun tí a bá gbìn la máa ká. Ẹ bá wa sọ ọ́ dé etí àwọn àgbẹ̀ tí kò ní fóònù.