ÌTỌ́JÚ ILÉ: Ìpẹtà àti Èépá Funfun Lára Táìlì Odò Ìrìbọmi

Arábìnrin kan tó wà lára àwọn tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn ní Dọ́pẹmu bi wá ní ìbéèrè kan tó kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó ní táìlì odò ìrìbọmi àwọn, tó funfun báláú nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, ti pọ́n níbi tí ojú omi máa ń dé, èépá funfun sì ti gùn ún láwọn ibì kan. Wọ́n fi Jik fọ̀ ọ́ títí, ńṣe ló ń pọ́n sí i. Ní báyìí, àwọn kan ní kí wọ́n ra ásíìdì, àwọn mìíràn ní kí wọ́n hú táìlì náà dànù. Èwo ni ṣíṣe?

Ẹ má tíì hú u. Bí ẹ bá lẹ táìlì tuntun lónìí, omi kan náà ni ẹ óò dà sí i lọ́la.

Inú omi ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Omi ẹ̀rọ ìjọba ti ń jáde láti Ijù láti ọjọ́ pípẹ́, ti Àdìyàn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1991, àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí Dọ́pẹmu. Síbẹ̀, láti Dọ́pẹmu dé Akówónjọ, dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkọ̀tún, kànga àti bóhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Àárín yanrìn àti ilẹ̀ pupa ni omi yìí ti ń wá. Ó sábà máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń yọ́ irin inú ilẹ̀ àti ti páìpù mọ́ra. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí irin inú lítà omi kan bá ti ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mílígíráàmù lọ, èyíinì ni 0.3, ó ti tó láti ba aṣọ àti àwo jẹ́. Ẹ rí i pé kò pọ̀ rárá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé omi náà a mọ́ gaara nígbà tó bá ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni irin inú rẹ̀ á dípẹtà, tí á sì rọ̀ sílẹ̀. Kílóríìnì ń mú kí èyí yá kánkán. Ìdí nìyí tí omi tí ẹ fẹ́ fi kílóríìnì sọ di mímọ́ fi lè di bíi tíì níṣojú yín, ìdí kan náà sì ni pé Jik kò lè bó àbàwọ́n ìpẹtà. Ó lè pa ewédò, kò lè yọ irin.

Ti èépá funfun yàtọ̀. Ní ìhà Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì ti ń wa òkúta ẹfun láti ọdún 1960, omi ilẹ̀ lè gbé ẹfun wá fúnra rẹ̀. Omi tiwa ní Dọ́pẹmu kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Símẹ́ńtì ẹ̀yìn táìlì ni omi kíkan náà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ gba ojú ìpàdé táìlì jáde. Òmíràn wá láti inú kílóríìnì oníyẹ̀fun, nítorí pé ẹfun wà nínú rẹ̀. Nígbà tí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá fa omi gbẹ, ẹfun á kù sí ojú ìlà, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń kù sí ìdí ìkòkò.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ dán an wò. Ẹ ra oògùn fítámìn C díẹ̀ ní kẹ́míìsì, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àbàwọ́n pupa náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ibẹ̀ bá funfun ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, irin ni. Ẹ kán fínígà sórí èépá funfun: bí ó bá hó ṣùúṣùú, ẹfun ni.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà lè ṣẹ́gun méjèèjì bí ẹ bá ní sùúrù. Ẹ fa omi inú odò náà gbẹ, ẹ fi omi lásán ṣan ara táìlì dáadáa kí Jik àtijọ́ má ṣe kù níbẹ̀. Ẹ rẹ àkísà sínú oje ọsàn tàbí fínígà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Ibi tó bá ti pẹ́ lè gbà tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má fi ìfọkòkò onírin fọ̀ ọ́, nítorí èérún rẹ̀ á dípẹtà sí ojú ìpàdé táìlì, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Eérú tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ìkòkò kò ran èyí. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ tẹ̀ráásò tàbí mábù, kí ohun kíkan má kàn án rárá, á jẹ ẹ́ ni.

Ó wá ku ásíìdì, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Mo mọ̀ pé ó yá. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ fẹ́ rán wọ inú kòtò yẹn? Ọ̀dọ́ kan ni, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìbọmi, pẹ̀lú gáláọ̀nù ásíìdì lọ́wọ́ kan àti Jik lọ́wọ́ kejì. Bí ásíìdì bá pàdé Jik, Hypo tàbí kílóríìnì oníyẹ̀fun, èéfín olóró ni yóò jáde. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ nítòsí Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, tó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Èéfín yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Odò ìrìbọmi sì jẹ́ kòtò nínú ilé, fèrèsé kò sí nísàlẹ̀ níbẹ̀. Fínígà àti ọsàn pàápàá, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ Jik. Omi bátìrì kò sì yẹ níbi iṣẹ́ yìí rárá, ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe.

Bí ojú ẹnì kan bá ń ta á, tàbí tí ó ń wúkọ́ nínú kòtò, kí ó jáde síta kíá. Ẹ má dá omi mìíràn lé ohun tó wà nísàlẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má sì padà wọlé lọ mú búrọ́ọ̀ṣì. Bí ásíìdì bá ta sójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù. Bí ọmọdé bá gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kí ó bì. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ohun tí kò ní jẹ́ kí àbàwọ́n tètè padà ni kí ẹ mú irin kúrò kí omi tó dé odò. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara páìpù, kí omi máa rọ̀ bí òjò sínú táǹkì, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Kí ó sinmi di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà kí ó gba inú àgbá tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí ẹ ti fọ̀ sí kọjá. Ẹrẹ̀ pupa tí ẹ óò bá lórí yanrìn náà ni ìbá ti lẹ̀ mọ́ táìlì. Ẹ máa fọ yanrìn yìí lóòrèkóòrè. Ẹ má sì fi omi sílẹ̀ nínú odò láti Sunday kan di òmíràn. Bí ìrìbọmi bá ti parí, ẹ fà á gbẹ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú ìlà náà kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.