Ọ̀RỌ̀ ILÉ WA: ÒFÌ, ṢÉ IGI NI TÀBÍ AṢỌ?

 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdána jẹ́ láàrin wa. Ilé ìyàwó kọ “aṣọ òfì kan” sínú ìwé ẹrù ìdána. Ilé ọkọ gbé aṣọ kan tí ó ń dán wá, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ jọ ti òfì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó tẹ àwòrán náà sí i lára. Ìyá àgbà kan yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Èyí kì í ṣe òfì.” Ilé ọkọ ní orúkọ tí a fi tà á fún àwọn ní ọjà nìyẹn. Wọ́n ní kí a dá sí i.

Òfì kì í ṣe orúkọ aṣọ ní ìpìlẹ̀. Igi ni. Òfì ni àgbékalẹ̀ igi tí a ń hun aṣọ lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó ń gbẹ́ igi ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán kí ahunṣọ tó jókòó. Bí a bá sọ pé “aṣọ òfì,” aṣọ tí ó ti inú òfì jáde ni à ń wí. Ahọ́n wa ni ó gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, tí a fi ń pe aṣọ ní òfì, tí ọmọ tí a bí sí Felele fi rò pé gèlè ni òfì. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn Gòláyátì nínú Bíbélì yóò rántí pé igi ahunṣọ ni wọ́n fi ọ̀pá ọ̀kọ̀ rẹ̀ wé. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni.

Oríṣi méjì ni òfì láàrin Yorùbá. Òfì àwọn ọkùnrin, irú èyí tí ó wà ní Ìsẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìlọrin, ni a ń jókòó sí. Òwú títa a nà jìnnà níwájú ahunṣọ, òkúta a sì wà lórí pákó ní ìparí rẹ̀ láti mú un le. Bí iṣẹ́ ti ń lọ ni pákó náà ń wọ́ bọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń tẹ igi tí ó ń ya òwú sí méjì, ọwọ́ ni ó sì fi ń ju òwú híhun gba àárín. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń jáde, bí ínǹṣì 4 sí 6, tí a ó wá rán pọ̀. (Lóde òní, àwọn obìnrin náà ń jókòó sí i.) Òfì àwọn obìnrin dúró lóòró ni, òpó méjì àti igi ìdábùú, a sì máa ń fi ara ti ògiri. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀. Òun ni àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Kàbbà mọ̀.

“Aṣọ òkè” ni àwọn ará Èkó ń pè é, nítorí ọ̀dọ̀ àwa ará òkè ni ó ti ń bọ̀.

Ìdájọ́ wa nìyí: ìyá àgbà jàre. Aṣọ tí kò kan igi òfì kì í ṣe òfì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ojú rírán tí ó so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá iṣẹ́ náà hàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ kò purọ́, ọjà ni ó purọ́ fún wọn. Kí ilé ìyàwó sì rántí pé òfì tòótọ́ wọ́n. Bí agbára kò bá tó o, kí a jọ sọ ọ́ kí ọjọ́ ìdána tó pé, kì í ṣe lójú àlejò. Àwọn àgbà kan ní sányán aláwọ̀ ilẹ̀, àlàárì pupa àti ẹtù aláró nìkan ni òfì, pé òwú dídán ìsinsìnyí bà á jẹ́. A kò bá wọn lọ. Òwú lè yí padà. Bí ó bá ti gba inú igi kọjá, òfì ni.

Ohun tí ó ń dùn wá ni igi náà gan-an. Elisha Renne, obìnrin Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Bùnú ní nǹkan bí 1987 sí 1988, kọ ìwé jáde ní 1995 lórí aṣọ wọn, àti aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn ènìyàn pàtàkì. Ó rí i pé híhun aṣọ ti ń kú lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé, èyí tí ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jókòó ti òpó méjì náà mọ́.

Bí igi òfì ìyá yín bá ṣì wà ní àjà ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dáná. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀, bí kò tilẹ̀ pé. Bí ìyá kan bá sì wà láàrin wa tí ó ṣì mọ bí a ti í ta òwú sí i, kí ó jẹ́ kí akọ̀wé gbọ́. A ó rán ọmọ wá gbé ẹrù rẹ̀.