Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Ìpàdé Lọ sí Etí Omi

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti oògùn. Ti etí omi ni.

Odò Asà ló la Ìlọrin yìí sí méjì. Ọjà Ọba àti ààfin Ẹ̀mía wà lápá kan, GRA wà lápá kejì. A tún ní Asa Dam tó ń fún wa lómi ẹ̀rọ, a sì ní Agba Dam tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ láàárín àdúgbò. Síbẹ̀, ẹ bi ìyá àgbà mẹ́wàá ní agbègbè Ọjà Ọba bóyá wọ́n ti lọ jókòó létí omi rí. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Ṣebí ibi àwọn ọmọdé tó ń fẹ́ra wọn ni."

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ibẹ̀ jù wọ́n lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn 30 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Kì í ṣe eré sísá o. Ìrìn tó yá díẹ̀ ni, èyí tí ẹ ṣì lè máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò ní lè kọrin. Ó ń bá wa dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kù, ó sì ń mú ẹsẹ̀ le kí àgbà má baà máa ṣubú. Ṣùgbọ́n ibo ni ìyá ẹni 70 ọdún ti fẹ́ rìn? Ọ̀kadà ń bọ̀ níwájú, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń bọ̀ lẹ́yìn, gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àìsàn mìíràn tún wà tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá kì í rí, àdáwà ni. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, àwọn mìíràn wà ní Saudi, fóònù nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé WHO gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lé e lórí ní 2023.

Ẹ wá wo ìpàdé wa. Wákàtí méjì lórí àga oníke, pọfupọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ọ̀tún, mọ́ọ̀tì tútù lọ́wọ́ òsì, a sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru! (Èmi náà máa ń jẹ ẹ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.) Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìpàdé kan lóṣù lọ sí etí Agba Dam, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, torí alẹ́ ni ẹ̀fọn ibà ń jáde. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bèèrè pé kí ni obìnrin ń wá lọ. Ẹ tẹ̀ lé wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ omi náà o. Ẹ má fi ṣe àlùwàlá, ẹ gbé búta yín láti ilé. Àwọn ìgbín kéékèèké inú omi dúdúró máa ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Awọ ara ló ń gbà wọlé, kò sì ní dunni lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, kó wá sí ilé ìwòsàn, praziquantel ló ń wò ó. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, ẹ jókòó sílé.

Kí ẹnikẹ́ni má torí ìrìn pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí èémí ń há, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Fún ìjọba, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Kí wọ́n tó gbin òdòdó tàbí gbé ère sí etí omi kankan, kí wọ́n kọ́ ilé ìtọ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì to àga tó ní ẹ̀yìn. Ìyá tí ìtọ̀ máa ń tètè gbọ̀n kò ní jáde lọ sí ibi tí kò ti ní rí ilé ìtọ̀. Kò ní sọ ìdí fún yín, á kàn ní ó rẹ òun ni.

Ẹgbẹ́ tó bá ti mú ọjọ́, kí alága fi ránṣẹ́ sí mi. N ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá dání. A ó wọn gbogbo yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún.