Kí Ọ̀gá Má Ṣe Tú Lẹ́tà Wa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ ṣọ́ra o. Proxy ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́. Bí a bá ti gba sátífíkéètì rẹ̀ sínú fóònù wa, ó lè tú lẹ́tà wa, kà á, kí ó sì tún un lẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tò ó lè pàṣẹ pé kó má ṣe tú ti báǹkì àti ilé ìwòsàn. Àṣẹ yẹn là ń béèrè, ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, ní kí wọ́n sọ ìdí fún ènìyàn kí wọ́n tó gba dátà rẹ̀.

Títí dìgbà náà, ẹ má gba sátífíkéètì náà sínú fóònù tí ẹ fi owó ara yín rà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.