Ta Ló Ní Kò Síbi Tí Wọ́n Ti Ń Jẹun ní Bàrígà?

Ẹ lọ ka àwọn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí àlejò ti lè jẹun, tó ti lè sùn ní Èkó. Victoria Island, Ìkòyí, Lẹ́kkí. Ó parí. Ṣé àwa ará Mainland kì í jẹun ni, àbí a kì í sùn?

Ọ̀rẹ́ mi kan wá láti Ìbàdàn, ó fẹ́ tẹ ìwé ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í sinmi. Fóònù rẹ̀ ò fi ilé àlejò kankan hàn án nítòsí, ló bá lọ sùn sí Island. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń há sínú gósílóò lórí Third Mainland. Bẹ́ẹ̀, ilé àlejò kan wà lẹ́yìn ibi tó ti ń tẹ̀wé, ó lómi, ó ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀ọ́kán rẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ wà: àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì, ewédú, ṣàkì. Kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì lórí máàpù.

Kóòdù ni mo ń kọ jẹun, mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Áàpù ò mọ̀ ju ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ lọ. Ìyá yẹn ò ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹnikẹ́ni ò sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán, èrò á tò síwájú ìkòkò rẹ̀. Ìràwọ̀ wo ló tún jùyẹn lọ?

Àwọn kan á ní Bàrígà léwu. N ò ní purọ́, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti da àdúgbò náà láàmú rí. Kí àlejò béèrè ọ̀nà, kó sì tètè wọlé lálẹ́. Àmọ́ ìyẹn ò ní kí àwọn Ìlàjẹ etí ọ̀sà má yan ẹja, kò sì ní kí ẹja náà má dùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ikùn lọ o. Ibi tí kò bá sí lórí máàpù, ó rọrùn fún aláṣẹ láti ṣe bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dróònù ya máàpù Màkókò ní 2019, tí wọ́n sì gbé e sórí OpenStreetMap.

Láti 2004 ni OpenStreetMap ti wà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ibì kan kún un. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ áàpù oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹ lọ jẹun ní Bàrígà ní Sátidé. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ, kí ẹ wá fi búkà rẹ̀ sí i: orúkọ tí àdúgbò ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, àti aago tó ń ṣí. Ẹ má sọ ọ́ di "Local Restaurant" o.

A mọ kóòdù kọ, a ò lè tọ́ka ibi tí a ti ń jẹ àmàlà? Ẹ jẹ́ kójú tì wá díẹ̀ jàre.